Ẹ̀ẹ̀kẹta ní Ìdí-Àyin

Ìgbà kìíní tí Rótìmí rí i, òkìtì ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ga ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò létí ọ̀nà, ọ̀bẹ ń yí lọ́wọ́ rẹ̀ wéréwéré, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ láyé. Lándírófà ìjọba tí Rótìmí ń wà kọjá lára rẹ̀ bí ìjì. Ogójì páànù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ń pariwo gbàgàgbàgà, eruku pupa sì bo ọmọbìnrin náà àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

Ìgbà kejì, ẹ̀gẹ́ ti dín kù dé ìdajì. Eruku tún bò ó. Ó gbójú sókè.

Ìgbà kẹta, ẹ̀gẹ́ ku mẹ́rin péré. Ó ti dìde dúró kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó na ìka mẹ́ta sókè, ó ń fi wọ́n han awakọ̀ bí tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní òǹkà.

Rótìmí tẹ búréèkì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa Rótìmí yìí kí ìtàn tó jìnnà. Ọmọ Jòhánù Ọlágúnjú ní Ọ̀mù-Àrán ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, awakọ̀ ìjọba ní Ìlọrin lọ́dún tí ogun parí, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kwara fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń kọ́ ìrìn. Ó mọ ọkọ̀ wà. Ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò lè béèrè ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, awakọ̀ tó bá béèrè ọ̀nà dà bí àgbẹ̀ tó ń béèrè ibi tí ilẹ̀ wà. Mápù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìlọrin, ó sì gba orúkọ náà bí ẹni gba oyè.

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Mápù yìí ti ń wá abúlé kan tó ń jẹ́ Ìdí-Àyin, lọ́nà Òrò-Àgọ́, kó lè já páànù ilé ìwé síbẹ̀. Igi àyin ló ń wá. Ó ti wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí ọrùn fi ń dùn ún. Ìrókò ló rí, igi irú ló rí, máńgòrò ló rí. Ó ti dé ibi tí ọ̀nà parí sí nínú oko iṣu ẹnìkan, ó ti yí padà, ó tún ti yí ìpadà náà padà.

"Ẹ kú ọ̀nà o, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ṣé ẹ ń ka ẹ̀gẹ́ mi ni?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe."

"Háà. Ìjọba ló rán yín pé kí ẹ wá da eruku sí mi lórí lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Sìsítà, mo mọ ibi tí mò ń lọ."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó dàbọ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Mo ti fẹ́ máa rin ín, n kò sì fẹ́ kí gààrí mi pupa kó tó dé inú agbada."

Rótìmí ti ọkọ̀ sí jíà. Ojú rẹ̀ sì lọ sí ibi tí a ti ń wo iye epo. Ọwọ́ epo ti wálẹ̀ pátápátá, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó wo ọ̀nà tó wà níwájú, ó wo èyí tó wà lẹ́yìn. Ọ̀kan kò sàn ju èkejì lọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ariwo páànù dákẹ́, ó wá ku òun àti ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìdí-Àyin," ló wí, bí ẹni tó ń pọ egungun ẹja.

"Ìdí-Àyin ńkọ́?"

"Níbo… Ẹ jọ̀ọ́. Níbo ló wà?"

Ẹ̀rín yẹn kúrò lójú ọmọbìnrin náà. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ná ọkùnrin náà ní nǹkan ńlá. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ tọ́ka sí ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

"Ibi tí táyà yín wà yìí."

"Kò sí àyin níbí!"

"Àyin wà ní ahoro, nínú igbó lọ́hùn-ún. Àwa la kó wá sí etí títì nígbà tí wọ́n la títì. Orúkọ la lè rù, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà. A ò lè ru igi."

Rótìmí gbé orí lé sítíárì. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rò pé ó ń sunkún, ó sún mọ́ ọn. Àṣé ẹ̀rín ló ń rín. Ó rín in débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì bá a rín in. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó lọ bu omi wá nínú igbá.

"Ẹ gbà, ẹ mu. Tí kò bá mọ́ ènìyàn lára láti béèrè ọ̀nà, ó máa ń gbẹ ọ̀fun."

"Kí lorúkọ yín?"

"Èyí tí ẹ béèrè yìí wá tètè yá o," ni ó wí. "Kíkẹ́lọmọ."

*

Láti ọjọ́ náà, Rótìmí kò lè jókòó mọ́. Tó bá wà ní Ìlọrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ ilẹ̀ bíi pé búréèkì ló ń tẹ̀. Wọ́n á rán an sí Ganmo, ìdajì wákàtí péré ni. Á ti parí rẹ̀, á ti máa wá ìdí tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ kọjá sí ìhà Òrò-Àgọ́. Tí ìdí bá sì wọ́n, á wọ lọ́rì lọ́jọ́ Sátidé, á sọ̀ níbi tí lọ́rì bá já a sí, á fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Gbogbo ewúrẹ́ Ìdí-Àyin ló mọ ìró bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan ó mú Kíkẹ́lọmọ lọ sí Èsìẹ́ láti lọ wo àwọn ère òkúta. Wọ́n dúró láàárín wọn. Ère ọkùnrin, ère obìnrin, wọ́n pọ̀ lọ súà, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn, ọwọ́ lé orúnkún. Rótìmí ti rìn yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Wò wọ́n," ni Kíkẹ́lọmọ wí. "Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ìwọ Mápù, o lè jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan?"

"Tí mo bá ti jókòó, ìwọ ni mo máa ń rò."

"Ṣé mo wá burú láti rò ni? Jókòó, kí o máa rò mí."

"Ìgbà tí mo bá ti mọ̀ pé o ti di tèmi ni màá jókòó."

"Áà, ayọ̀ mi, ta ló ń dí ọ lọ́wọ́? Ìwọ lo mọ ọ̀nà gbogbo." Ó fi ìka gbá a nímú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ní ìlú wa, baba ọkọ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìyàwó. Wọn kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò baba, wọn kì í gba lẹ́tà. Baba rẹ fúnra rẹ̀."

"Ìyẹn rọrùn," ni Rótìmí wí.

Kò mọ ohun tó ń sọ.

*

Jòhánù Ọlágúnjú ń pọ́n àdá lẹ́yìn ilé ní Ọ̀mù-Àrán nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Àgbà ìjọ ni, àgbẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí Rótìmí ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọ náà. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó ti fẹ́ dé.

"Ọmọ ìlú wo ni?"

"Ìdí-Àyin, Bàbá."

Àdá dúró lórí òkúta.

"Wá òmíràn," ni Jòhánù wí.

"Bàbá…"

"Mo ní kí o wá òmíràn. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kí n tó rí ìyá rẹ, èmi àti bàbá mi fẹsẹ̀ rìn dé ìlú yẹn láti lọ tọrọ ọmọbìnrin kan. Wọ́n ní ká dúró sínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n wá dá wa lóhùn, wọ́n ní, 'Ẹ padà lọ, a kò ní ọmọ tí a ó fún yín.' Lójú gbogbo ìlú! Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mo búra lọ́jọ́ náà, ẹnu mi kò ní tọrọ ohunkóhun mọ́ ní Ìdí-Àyin, ìbáà ṣe omi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá rẹ̀ padà. Ìró yẹn lé Rótìmí jáde nílé.

Oṣù méjì kọjá. Rótìmí kò lọ sí Ìdí-Àyin. Kí ló máa sọ? Pé baba òun kò gbà? Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Mápù, tí kò rí ọ̀nà gbà nínú ilé baba ara rẹ̀! Ó ń wa ọkọ̀ kiri bí ẹni tí ìjàlọ ń jẹ. Ó dé Òrò, ó padà. Ó dé oríta tó lọ sí Òrò-Àgọ́, ó pa ọkọ̀, ó wo ọ̀nà náà títí, ó tún ṣí ọkọ̀, ó padà. Ìgbéraga kì í jẹ́ kí ènìyàn wọlé, kì í sì í jẹ́ kó lọ. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń so olúwa rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó wá lọ, Kíkẹ́lọmọ ń yan gààrí nínú agbada. Kò dìde.

"Tíṣà kan ti ń wá láti Òrò," ló wí. "Ó ní básíkùlù tuntun. Ó ń jókòó dáadáa."

"Kíkẹ́…"

"Bàbá mi ní òun fún ọ láyè di Sátidé tó tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde. Aago mẹ́wàá àárọ̀. Tí baba rẹ kò bá wá, òun á dá tíṣà lóhùn."

Rótìmí kúnlẹ̀ sínú eérú, ó ro gbogbo ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ fún un. Kíkẹ́lọmọ gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá gbé igbá tó fi ń yan gààrí kalẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti bẹ bàbá rẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan!" Omi dé ojú rẹ̀, kò sì jọ pé èéfín ló fà á. "Ẹ̀gẹ́ lásán, o kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó la ẹnu. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan ló kàn mí? Dìde nínú eérú mi, Rótìmí. Lọ bẹ bàbá rẹ. Tó bá lé ọ, tún lọ."

Ó lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ nílé, Jòhánù dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá a lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Jòhánù ń kọ ebè. Rótìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ebè méjì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, òjò sì ti rọ̀ lóru. Jòhánù kọ ebè náà yí i ká, ó kọ òmíràn, ó tún kọ òmíràn. Nígbà tó wẹ̀yìn, ọmọ náà kò tíì dìde.

"N ó lọ," ni Jòhánù wí nígbẹ̀yìn. "Dìde kúrò nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó júwe ọ̀nà, nítorí mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ. Ẹni tó bá sì bá mi jiyàn lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó fẹsẹ̀ rìn wálé."

*

Ọ̀rẹ́ Rótìmí kan, Àfísù, ló yá wọn ní ọkọ̀ Píjó rẹ̀. Kò tọ́ kí ọkọ ìyàwó tẹ̀lé àwọn àgbà lọ síbi ìtọrọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọkọ̀ wà. Jòhánù jókòó níwájú pẹ̀lú agbádá rẹ̀ tó kún gbogbo ìjókòó. Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Bọ́lánlé, jókòó lẹ́yìn láàárín iṣu, iyọ̀, obì àti oyin.

"Ọkọ tó wa ara rẹ̀ lọ fẹ́yàwó," ni Bàbá Bọ́lánlé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Máa rọra o, kí o má baà dé kí àwa tó dé."

Wọ́n dé oríta ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Apá ọ̀tún ni títì lọ, tààrà sí abẹ́ igi máńgòrò. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́. Apá òsì jẹ́ ọ̀nà oko tí koríko ti ń bò.

"Yà sósì," ni Jòhánù wí.

Ọwọ́ Rótìmí dúró lórí sítíárì. Ó wo baba rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Baba náà ti fi ọwọ́ gbá ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ó ń retí rẹ̀! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá jáde lẹ́nu ọmọ yìí, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀, á sì di ilé.

Rótìmí, ẹni tó mọ ọ̀nà náà ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ó yà sósì.

Ọ̀nà náà burú. Òkúta ń gbá abẹ́ ọkọ̀ Àfísù, ẹ̀ka igi ń ha á lára. "Wàá rí igi àyin ńlá kan," ni Jòhánù ń wí. "Tí o bá ti rí àyin, a ti dé." Aago mẹ́wàá lù. Aago mẹ́wàá ààbọ̀. Rótìmí ń rí àpótí tí wọ́n ti tò fún àwọn àlejò, ó ń rí Bàbá Kíkẹ́lọmọ tó ń wo ọ̀nà, ó ń rí básíkùlù tuntun. Bàbá Bọ́lánlé la ẹnu lẹ́yìn, Rótìmí wò ó nínú dígí, àgbà náà sì pa ẹnu dé.

Wọ́n rí igi àyin.

Ó dúró gbagidi, ewé rẹ̀ ń tàn. Lábẹ́ rẹ̀, ìlú kò sí níbẹ̀. Ògiri tó ti wó ló wà, tí ikán ti sọ di òkìtì. Ìkòkò fífọ́. Igi ti hù láàárín ilé. Jòhánù sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ síwájú, agbádá rẹ̀ ń kọ́ ẹ̀gún. Ó dúró níbi kan, ó wo ilẹ̀.

"Ibí ni wọ́n ní ká dúró sí," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Níbí gan-an."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bá ìlú kan ṣọ̀tá. Ìlú náà ti dìde lọ, kò tilẹ̀ dúró gba ọ̀tá rẹ̀.

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn igi àyin, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń ṣẹ́ igi ìdáná. Jòhánù rí i. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tó dì mọ́ sítíárì bí ẹni tó ń rì sómi. Ó sún mọ́ obìnrin náà. Ó wú ikọ́. Ó tún wú ikọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "A sọnù. Ẹ bá wa júwe ọ̀nà Ìdí-Àyin."

Obìnrin náà nàró díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú.

"Jòhánù," ló wí. "Mo mà sá fún ọ wá síbí ni o. Kí lo wá ṣe níbí?"

Rhoda ni. Ẹni tí Jòhánù àti bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá tọrọ. Irun rẹ̀ ti funfun, ojú yẹn ṣì wà bó ṣe wà.

"Àbúrò mi ló bí Kíkẹ́lọmọ," ni Rhoda wí. "Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ baba ọkọ, mo ní n kò lè jókòó nílé kí o wá rí mi ní arúgbó. Mo ní n ó lọ sí ahoro, ẹnikẹ́ni kì í wá síbẹ̀."

"Wọ́n lé wa," ni Jòhánù wí, bíi pé àná ni.

"Ta ló lé yín? Jòhánù! Ní ìlú wa, a kì í fún ọkọ lọ́mọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kìíní, a ó ní kẹ́ ẹ padà lọ. Ìgbà kejì, a ó ní a ń rò ó. Ìgbà kẹta la ó fún yín. Ọmọ tí a bá fi fún ọkùnrin ní ẹnu àkọ́kọ́, wọ́n á ní ó ti sú ilé ni. Wọ́n ní kẹ́ ẹ padà lọ. Wọn kò ní kẹ́ ẹ má padà wá. Gbogbo ilé ń retí yín ní ọjọ́ karùn-ún. Mo gún iyán sílẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"O kò béèrè."

Ẹyẹ kan fò kúrò lórí àyin. Jòhánù fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ igi náà.

"Ṣé o dúró dè mí?"

"Ọdún kan. Lẹ́yìn náà mo lọ́kọ. Ó ṣe dáadáa sí mi, ó kú, mo bí mẹ́rin. N kò bínú." Ó gbé igi ìdáná rẹ̀ rù, ó wo inú ọkọ̀. Ojú rẹ̀ là. "Ọmọ rẹ nìyẹn? Kí ló mú yín gba ibí? Ọmọ yìí mọ ọ̀nà ilé wa ju àwọn ewúrẹ́ wa lọ!"

Jòhánù yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Rótìmí. O mọ ọ̀nà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Láti oríta?"

"Láti oríta, sà."

"O sì dákẹ́?"

"Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Ẹ̀rù bà mí kẹ́ ẹ má lọ sọ̀ kalẹ̀."

Jòhánù wò ó, ó wo koríko tó wé mọ́ ìdí ọkọ̀ olówó ńlá, ó wo Bàbá Bọ́lánlé tó gbá iṣu mọ́ àyà. Ẹ̀rín kan ń bọ̀ láti inú rẹ̀, ó ń há, ó ń há. Ìgbà tó já, ó gbá agbádá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

"Wọlé, Rhoda," ló wí. "Gbé igi rẹ sí bọ́ọ̀tù. Mú wa dé ibi tí ẹ gbé ìlú yín sá lọ."

*

Ó ti kọjá aago méjìlá nígbà tí wọ́n dé. Iyán ti di òkúta, àwọn àgbà méjì ti ń mú ọ̀pá wọn láti máa lọ. Bàbá Kíkẹ́lọmọ kò dìde láti kí wọn. Wọ́n ní kí Rótìmí dúró síta, nítorí ọkọ kì í gbọ́ bí a ṣe ń tọrọ ìyàwó rẹ̀. Ó lọ sábẹ́ máńgòrò, ó ń rìn síwá, ó ń rìn sẹ́yìn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀; ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Wákàtí méjì lẹ fi ní ká jókòó bí aṣiwèrè," ni Bàbá Kíkẹ́lọmọ wí. "Tíṣà kì í pẹ́. Ẹ padà lọ. A kò ní ọmọ tí a ó fún yín."

Ọ̀rọ̀ kan náà! Rótìmí di igi máńgòrò mú. Ó mọ ohun tí baba rẹ̀ máa ṣe báyìí.

Ohùn Rhoda ló gbọ́. "Dúró ńbẹ̀, àbúrò. 'Ẹ padà lọ' tàkọ́kọ́, wọ́n ti sọ ọ́ fún un ní ahoro, lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mo wà ńbẹ̀. Ẹ kò lè gba owó kan náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ẹ sọ yìí, ẹ̀ẹ̀kejì ni."

"Ọmọ ọ̀tọ̀ ló wá tọrọ nígbà yẹn!"

"Ẹnu kan náà ni. Ìlú kan náà ni. Ta lẹ tún fẹ́ kó darúgbó de yín?"

Àwọn àgbà kùn, wọ́n jiyàn, ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ohùn Bàbá Kíkẹ́lọmọ ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tó wí pé: "Ó dáa. A ń rò ó."

Jòhánù jáde. Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀ láìwò ó, ó rìn dé etí títì, ó yí padà. Ojú oòrùn ló tún rìn gbà, ọ̀sán gangan, agbádá rẹ̀ ti ya ní apá kan. Ó wọlé. Rótìmí gbọ́ ìró ara tó kan ilẹ̀. Àgbà ìjọ Ọ̀mù-Àrán ti dọ̀bálẹ̀.

"Mo sọnù lónìí," ni ohùn baba rẹ̀ wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti sọnù, n kò béèrè. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ mi ní ọmọ yín."

Nínú fèrèsé, ọwọ́ kan yọ. Ìyẹ̀fun gààrí wà lára rẹ̀. Ó na ìka mẹ́ta sókè.

Lẹ́yìn náà ni inú ilé hó yéè, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n tún iyán gún, Bàbá Bọ́lánlé ń ké pe ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ ru iyọ̀. Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ jáde, ó bá Rótìmí lórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú nínú eruku. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Mápù," ló wí, "o mà jókòó."

"Mo jókòó."

"Kò sí ibi tí o fẹ́ sáré lọ?"

Rótìmí wo ojú ọ̀nà, ó wo ọmọbìnrin náà. Ó sún, ó fi ìdajì àpótí sílẹ̀ fún un.

"N kò mọ ibi tó kàn," ló wí. "Ìwọ ni n ó máa bi léèrè."